Ìgò Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Ràmọ́tà

Lẹ́tà R méje ló tò lórí ìwé náà láti òkè wá sílẹ̀. Mo bi Ọládépò, ẹni tó ń yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò nílé ìwòsàn náà, pé kí ni wọ́n túmọ̀ sí.

"Oògùn méje nìyẹn, mà," ó ní. "A kó wọn ti kòkòrò tó wà nínú ìtọ̀ Waliyat. Ibi tí ẹ bá ti rí R, oògùn yẹn ò ràn án."

"Kò pa á?"

"Kò tu irun kan lára ẹ̀." Ó ṣí ike pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Kòkòrò náà ti hù sínú rẹ̀, ó funfun, ó sì tẹ́ bí ẹ̀kọ tútù. Àwọn bébà róbótó mẹ́jọ tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn wà lórí rẹ̀. "Ibi tí oògùn bá ti ṣiṣẹ́, ẹ óò rí i pé àyè ṣófo yí bébà náà ká. Ẹ wò ó fúnra yín."

Mo wò ó. Kòkòrò náà hù dé ìdí bébà méje, bí koríko ṣe ń hù dé ẹnu ọ̀nà ilé tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èmi ni Martha Akínpẹ̀lú, ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ láti Ọ̀yọ́. Àwọn tó mọ̀ mí máa ń sọ pé mo tètè ń bínú, wọn ò sì parọ́ mọ́ mi. Inú ti ń bí mi kí n tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ yẹn, torí pé ẹjọ́ tí àwọn ọ̀gá mi ti dá tán ni wọ́n ní kí n lọ kọ sílẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ràmọ́tà, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ń tọ̀, ó ń ta á. Ó ra oògùn lọ́wọ́ Mùílì, oníkẹ́mísìtì ní Ọjà Igbó. Kò san. Àìsàn náà gun òkè lọ sínú kíndìnrín, ó wọnú ẹ̀jẹ̀, Ràmọ́tà sì kú. Àwọn èèyàn fọ́ ìsọ̀ Mùílì, wọ́n ní ayédèrú oògùn ló tà, àwa sì tì í mọ́lé. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, àbúrò Ràmọ́tà tí wọ́n ń pè ní Waliyat ló tún wà lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, pẹ̀lú oyún oṣù méje àti àìsàn kan náà.

Dókítà Ẹ̀yẹolúwa, obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, ló mú mi lọ rí i. Ètè Waliyat gbẹ. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń bu nǹkan fún un látinú fúláàsìkì aláwọ̀ búlúù. Bó ṣe rí mi ló dìde.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n yìnbọn fún Mùílì," ó ní. "Ó pa ọ̀kan, ó fẹ́ pa ìkejì. Ọlọ́run ò ní forí jì í."

Mo kí i kú ìrójú, mo ní kó jókòó. Dókítà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Abẹ́rẹ́ kan ló kù tó lè pa kòkòrò yẹn," ó ní. "Ó sì le lórí kíndìnrín. Kíndìnrín Waliyat ń ṣàárẹ̀ lójoojúmọ́, bí ẹni pé nǹkan kan tí mi ò mọ̀ ń wọ ara rẹ̀. Bí mo bá gún un láìmọ nǹkan ọ̀hún, ọwọ́ ara mi ni mo máa fi pa á, òun àti ọmọ inú rẹ̀."

"Ṣé ẹ ti bi í?"

"Mo bi òun, mo bi ìyá rẹ̀. Wọ́n ní kò lo oògùn kankan lẹ́yìn tiwa."

"Ọjọ́ mélòó lẹ lè fi dúró?"

"Mẹ́rin. Kò lè lé mẹ́rin."

Ọládépò tẹ̀lé mi jáde, ó ní òun gbàgbé nǹkan kan. Kì í ṣe àwọn ọmọ ìyá méjì yìí nìkan. Ìwé obìnrin mẹ́ta mìíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí bẹ́ẹ̀, ti àwọn méjì sì wà ní Ọ̀yọ́. Lẹ́tà R méje, oògùn méje kan náà.

*

"Madam, ẹ gbà mí," ni Mùílì ń wí látẹ̀yìn irin. Ó máa tó ẹni ọdún márùndínlógójì, wọ́n ti lù ú lójú. "Ojúlówó oògùn ni mo tà."

"Mo mọ̀."

Ẹnu yà á. Mo sọ fún un pé mo ti kó oògùn ìsọ̀ rẹ̀ fún Ọládépò, ó fi í sórí kòkòrò tó wá láti ara aláìsàn mìíràn, kòkòrò yẹn sì ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ayédèrú oògùn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Madam! Ẹ ṣí mi sílẹ̀ nígbà náà."

"Fara balẹ̀. Kápúsù mélòó ni dókítà kọ fún Ràmọ́tà?"

Ó wolẹ̀. "Mẹ́rìnlá."

"Mélòó lo tà fún un?"

"Mẹ́rin. Iye tó ní kí n gé fún òun nìyẹn. Madam, tí mo bá ní kí wọ́n rà á tán, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n máa lọ."

Mo fẹ́ gbá a létí, mi ò ní purọ́. Ọ̀nà tí òun àti Ràmọ́tà gbà lọ́jọ́ náà ni gbogbo wa ń gbà: ẹ gé méjì fún mi, ẹ gé mẹ́rin fún mi, bí ara bá ti fúyẹ́ díẹ̀ a ó da ìyókù sínú dúrọ́ọ̀. Ọládépò ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní kòkòrò dà bí olè. Bí ẹ bá mú un, ẹ lù ú pa. Bí ẹ bá ń fi pàṣán kan ṣoṣo nà án lójoojúmọ́, tí ẹ ń jẹ́ kó máa lọ, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ á yi. Ọjọ́ tí ẹ bá wá gbé kùmọ̀, ẹ̀rín ló máa fi yín rín.

Síbẹ̀, kápúsù mẹ́rin ò lè yi awọ ẹ̀yìn kòkòrò dé orí oògùn méje. Kòkòrò tó pa Ràmọ́tà ti le kí Ràmọ́tà tó dé ìsọ̀ Mùílì. Ẹnì kan ti ń nà án ní pàṣán kọ̀ọ̀kan tipẹ́tipẹ́. Mo fi Mùílì sílẹ̀ níbẹ̀, torí pé àwọn tó fẹ́ dáná sun ún ṣì wà lóde.

*

Ismaheel, ọkọ Ràmọ́tà, télọ̀ ni. Mo bá a níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò rán nǹkan kan.

"Ṣé ẹ̀yin náà wá bi mí bóyá èmi ni mo kó atọ̀sí bá a ni, mà?" ó ní. "Ìyá wọn ti sọ ọ́ níwájú gbogbo àdúgbò. Wọ́n gbá mi létí lórí òkú ìyàwó mi."

"Kì í ṣe atọ̀sí," mo ní. "Kòkòrò inú ìfun ni. Mo ní in, ẹ ní in, ìyá wọn náà ní in. Ojú ọ̀nà ìtọ̀ ló ṣìnà bọ́ sí. Ẹnikẹ́ni ò kó o ràn án."

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Mo jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn, lẹ́yìn náà mo ní kó fi yàrá ìyàwó rẹ̀ hàn mí. Aṣọ ló wà níbẹ̀, àti ìkòkò, àti bàtà àwọn ọmọ. Mo kúnlẹ̀, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fa ìgò ńlá kan jáde tó kún fún omi pupa, tí egbò àti èèpo igi wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Agbo ni, mà."

"Wọ́n ní kò lo oògùn kankan."

"Agbo mà ni mo sọ." Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni ò gbọ́ Yorùbá. "Tí nọ́ọ̀sì bá ní kí lẹ lò, ti òyìnbó ni wọ́n ń béèrè."

Ibẹ̀ ni orí mi ti kọ́kọ́ gbóná. Ìdáhùn tí gbogbo obìnrin méjèèje fún gbogbo dókítà nìyẹn: mi ò lo nǹkan kan. Wọn ò parọ́. A kì í ka agbo mọ́ nǹkan tí èèyàn lò, bí a kì í ṣe ka omi mọ́ ọn.

"Ìgbà wo ni wọ́n rẹ èyí?"

"Ọ̀la ẹ̀ ló kú."

Ó di ọjọ́ kọkànlá nìyẹn. Mo ṣí ìdérí ìgò náà, mo gbóòórùn rẹ̀. Òórùn igi tútù ni. Kò hó, kò kan, kò rùn. Ìyá mi ta ògì títí ó fi kú, mo sì mọ ohun tí ọjọ́ mẹ́ta ń ṣe sí omi tí a rẹ nǹkan sí nínú oòrùn ilẹ̀ yìí. Ó yẹ kí ìgò yẹn ti ta ìdérí rẹ̀ dànù. Ohun tó ń mú nǹkan kíkan, ohun abẹ̀mí ni. Ẹnì kan ti pa á sínú ìgò yẹn.

"Ta ló ṣe agbo yìí?"

"Ìyá wọn. Agbo ni wọ́n ń tà ní Ọjà Igbó. Láti ìgbà tí Ràmọ́tà àti Waliyat ti di ọmọge ni wọ́n ti ń fún wọn ní ife kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ní ó ń fọ abẹ́ obìnrin."

*

Ìyá Ràmọ́tà ò gbà. Mo bá a ní ìsọ̀ rẹ̀, ó na ìka sí mi lójú.

"Ewé àti egbò! Ohun tí ìyá mi fún mi mu, tí ìyá tiẹ̀ fún un mu! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, agbo wa lẹ máa ń rí bú. Ẹni tó pa ọmọ mi wà lọ́wọ́ yín, ẹ ń wá wo ìdí ìkòkò mi!"

"Mà, kí lẹ bù sí i?"

"Omi."

"Ṣé Waliyat ń mu ún nílé ìwòsàn?"

"Rárá o. Láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, kò fẹnu kàn án."

Ọládépò fi ẹ̀kán agbo náà sórí kòkòrò mìíràn tí oògùn ṣì ń pa, ó ní ó pa á fínnífínní. Ó ní oògùn òyìnbó wà níbẹ̀, àmọ́ òun ò ní ẹ̀rọ tó máa sọ orúkọ rẹ̀. Ìbàdàn nìkan ló lè ṣe é, ó sì máa gba ọ̀sẹ̀ méjì. Waliyat ò ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àfi kí orúkọ yẹn ti ẹnu èèyàn jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo rẹ àgbàdo sínú abọ́ méjì ní ẹ̀yìn àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rò pé ebi ló ń pa mí. Ilẹ̀ mọ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́ láti rí àwọn obìnrin méjì tí Ọládépò ní wọ́n wà níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ já mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì ò mọ Ìyá Ràmọ́tà rí. Wọn kì í lọ sí Ọjà Igbó. Ọ̀kan nínú wọn, olùkọ́ tó tún jẹ́ díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, bínú pé mo béèrè agbo lọ́wọ́ òun. Mo wí fún un pé èmi náà onítẹ̀bọmi ni, àti pé obìnrin kan tó lóyún ń kú lọ. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá kan ló ń gbé e wá fún mi láti ẹ̀yìnkùlé. Ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kì í sì í kan. Ìtọ̀ gbígbóná á lọ láàárín ọjọ́ kan."

"Ó á tún padà?"

"Lẹ́yìn oṣù kan, méjì. Mà á tún mu ún."

Agbo alágbo méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìlú méjì, tí kì í kan, tó sì ń yá kánkán. Nígbà náà, kì í ṣe agbo. Ohun tí wọ́n ń bù sínú agbo ni, ẹnì kan ló sì ń tà á fún àwọn méjèèjì. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà.

*

Ní ọjọ́ kẹrin tí mo ti dé, mo ní kí wọ́n lọ mú Ìyá Ràmọ́tà wá láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú fúláàsìkì búlúù lábẹ́ abíyá. Kíndìnrín Waliyat ti burú ju ti àná lọ. Dókítà ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì ní àárọ̀ yẹn, ìkejì kò sọ ju "Ẹ jọ̀ọ́" lọ.

Mi ò bá ìyá náà jiyàn. Mo gbé abọ́ méjì síwájú rẹ̀.

"Mà, ẹ ti ṣe ògì rí?"

"Ta ni ò ṣe ògì rí?"

"Ọjọ́ mẹ́ta ni àgbàdo yìí lò. Ẹ bá mi wo èyí tó tó lọ̀."

Ó ti ìka bọ abọ́ àkọ́kọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Ìfófòó wà lójú omi rẹ̀. "Èyí ti kan." Ó ti ìka bọ ìkejì. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀, ó fi kan ahọ́n. "Èyí, òní lẹ rẹ ẹ́."

"Ọjọ́ kan náà ni. Àgbàdo kan náà, omi kan náà. Ife agbo yín kan ni mo dà sí ìkejì."

Ó tún ti ọwọ́ bọ abọ́ náà, ó bu àgbàdo kan, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Wọ́n lè gbé ìwé Ìbàdàn ọgọ́rùn-ún síwájú obìnrin yẹn, kò ní gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin tó lè bá àgbàdo tí kò kan jiyàn.

"Iyọ̀ agbo," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Àwọn oníbàárà ní agbo mi ti ń falẹ̀. Akínkúnmi ní Ọ̀yọ́, ní ọjà Akẹ̀sán, ló ní gbogbo alágbo Ọ̀yọ́ ló ń fi iyọ̀ yẹn sí i. Ó ti tó ọdún méjìlá. Ṣíbí kan sí ìkòkò kan. Ó ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà ẹ bi wọ́n, ó ń ṣiṣẹ́!"

"Kí ni orúkọ ẹ̀?"

"Inú ọ̀rá ló ń bù ú sí fún mi. Mi ò mọ̀wé."

Ojú mi bọ́ sórí fúláàsìkì náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti rí i. Mo ti dúró níwájú rẹ̀, mo ti kí obìnrin yìí kú ìrójú, ó sì ń bù ú sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu lójú mi. Inú bí mi sí ara mi bí mo ṣe ń ṣí i. Òórùn igi tútù ni.

"Ẹ ní kò fẹnu kàn án."

"Wọ́n ò lè rí i wò sàn," ó ní, omijé sì dà lójú rẹ̀. "Ṣé kí n máa wò ó ni? Mo ti sin ọ̀kan."

*

Oúnjẹ adìyẹ ni Akínkúnmi ń tà, ìsọ̀ ńlá, àpò kún un dé òrùlé. Ó rẹ́rìn-ín pàdé wa.

"Madam, ẹ máa wọlé. Adìyẹ mélòó lẹ ní?"

"Iyọ̀ agbo ni mo wá rà."

Ẹ̀rín náà kú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti bọ́ sẹ́yìn káńtà. Wọ́n gbé páálí kan jáde, àwòrán àkùkọ wà lára rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà pé èèyàn ò gbọdọ̀ lò ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rá kéékèèké tí kò ní àwòrán kankan wà, wọ́n ti di lẹ́búlẹ́bú náà sínú wọn.

"Oògùn adìyẹ ni," ó ní kíá. "Ìjọba fún mi láṣẹ láti tà á. Ohun tí oníbàárà bá lọ fi ṣe ò kàn mí."

"Ṣé o mọ Ìyá Ràmọ́tà?"

"Oníbàárà mi ni."

"Adìyẹ mélòó ló ní?"

Ó wo ọ̀rá kéékèèké náà.

"Ọdún méjìlá ló ti ń ra oògùn adìyẹ lọ́wọ́ rẹ. Kò ní òròmọdìẹ kan. Adìyẹ wo lo rò pé ó ń fún?"

"Madam, kò sẹ́ni tó kú nígbà yẹn."

Nígbà yẹn! Mo ti mú apànìyàn rí, mo ti mú adigunjalè. Inú kò bí mi sí wọn tó bó ṣe bí mi sí ọkùnrin tó jókòó sáàárín àpò rẹ̀ yìí, tó ya àwòrán àkùkọ kúrò kí obìnrin tí kò mọ̀wé má baà béèrè ọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Kí wọ́n tó ṣe tán, mo ti wà lórí fóònù pẹ̀lú Dókítà Ẹ̀yẹolúwa, mo ti sọ ohun tó wà nínú fúláàsìkì fún un, mo sì ń ka ara páálí náà fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Oògùn mẹ́rin ló wà nínú lẹ́búlẹ́bú kan ṣoṣo yẹn, ìbátan oògùn méje tó ní lẹ́tà R.

"Ọlọ́run mi," ó ní. "Ọ̀kan nínú wọn máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ gba fúláàsìkì yẹn."

"Ó ti wà lọ́wọ́ mi."

"Ó dáa. Mo lè ṣírò iye abẹ́rẹ́ tí kíndìnrín rẹ̀ lè gbà báyìí. Mo ń lọ gún un."

*

Mo ṣí Mùílì sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí a mú Akínkúnmi. Ní ọjọ́ kẹta, mo gba Ọjà Igbó kọjá, ó ti fi pákó kan dí ojú ìsọ̀ rẹ̀ tí wọ́n fọ́. Obìnrin kan dúró níwájú rẹ̀, ó ní kó gé kápúsù méjì fún òun. Mùílì mú sísọ́ọ̀sì, ó gé méjì. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, mo sì bú u débi pé àwọn ará ọjà pé jọ. Ó ní kí n má bínú. Bí mo bá mú un, ìsọ̀ mẹ́tàlá ló tún wà ní òpópónà yẹn.

Ilé ìwòsàn ni mo ń lọ. Ibà Waliyat ti lọ sílẹ̀. Dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ ti ń padà bọ̀, ọmọ inú rẹ̀ sì ń tàpá. Ìyá Ràmọ́tà wọlé tẹ̀lé mi, torí pé òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí kí n mú òun wá kí n tó gbé òun lọ sílé ẹjọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Waliyat rí i, ojú rẹ̀ tàn. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún un.

"Mọ́mì, ẹ káàárọ̀. Agbo mi dà?"

Ìyá náà di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Mo rò pé ó máa parọ́, ǹ bá sì gbà á láyè.

"Èmi ni, Waliyat," ó ní. "Kì í ṣe Mùílì. Kì í ṣe Ismaheel. Ohun tí mò ń bù sínú agbo ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ. Mi ò mọ̀. Wáláhì, mi ò mọ̀."

Waliyat wò ó títí. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ìyá rẹ̀ yára mú ife tó wà lórí tábìlì, ó bu omi sí i látinú jọ́ọ̀gì, ó nà án sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Waliyat yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun bu òmíràn.